Ta Ni Ó Ni Omi? Ìtàn Ẹja Pípa ní Ilẹ̀ Àkúnya Odò Ọya

Odò Ọya tí àwa mọ̀ ní Jẹ́bà àti ní Lọ́kọ́ja ti rin ìrìn àjò gígùn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láti orí òkè ilẹ̀ Gíní ni ó ti ṣẹ̀ wá; ó kọjá ní Bamako, ó kọjá ní Ségou, ó sì wọ agbègbè kan ní àárín ilẹ̀ Málì níbi tí ilẹ̀ gbé tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú ọpọ́n. Níbẹ̀ ni ó ti ya sí ẹ̀ka púpọ̀, tí ó da adágún sílẹ̀ káàkiri, tí odò Bani sì wá pàdé rẹ̀ ní ìlú Mopti. Nígbà tí omi bá kún, ilẹ̀ tí ó wà láàárín Djenné àti adágún Débo a dà bí òkun kan ṣoṣo, àwọn ìletò a sì dà bí erékùṣù lójú rẹ̀. Macina ni a ń pe apá tí ó pọ̀ nínú agbègbè náà.

Ìtàn àwọn apẹja ilẹ̀ yìí ni mo fẹ́ pa fún ẹ̀yin òǹkàwé. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé láàárín nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún, ìjọba tí ó tó márùn-ún ni ó ti jókòó lé agbègbè náà lórí, tàbí lé apá kan nínú rẹ̀, olúkúlùkù wọn ni ó sì bèèrè ìbéèrè kan náà: ta ni ó ni omi? Gbogbo wọn ni ó rí èsì tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè náà gan-an ni ó ṣì wọ́n lọ́nà, nítorí pé ohun tí àwọn àgbà ibẹ̀ ń ṣọ́ kì í ṣe omi, bí kò ṣe àkókò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí omi náà ti ń rìn. Òjò tí ó ń rọ̀ ní Gíní láti oṣù Keje títí dé oṣù Kẹsàn-án ni ó ń mú odò kún. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi ń rìn bí arúgbó. Láàárín oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá ni ó ń kún dé góńgó ní Mopti. Ó sì lè di oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìn-ín-ní ọdún tí ń bọ̀ kí àwọn ará Timbuktu tó rí i, nígbà tí òjò ti dá tipẹ́, tí ọyẹ́ sì ti ń fẹ́. Ní ọdún tí ó bá dára, ilẹ̀ tí omi ń bò máa ń ju 20,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Ní ọdún 1984, tí ọ̀dá mú, kò tó 10,000.

Ẹja mọ ìrìn yìí ju ènìyàn lọ. Àwọn àgbà wa ní odò kì í kún bo ẹja lójú. Ní Macina, bí odò bá ti ń kún ni ẹja ń fi ojú odò sílẹ̀, tí wọ́n ń wọ inú koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò lọ láti yé ẹyin. Nínú koríko náà ni àwọn ọmọ wọn ti ń jẹun tí wọ́n sì ń dàgbà, láìjẹ́ pé ẹja ńlá rí wọn gbé mì ní ìrọ̀rùn. Bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí fà, gbogbo wọn a gba ojú iṣàn tóóró padà sínú odò. Èyí tí ó bá sì pẹ́ lẹ́yìn a há sínú kòtò omi tí yóò máa gbẹ díẹ̀díẹ̀ títí òjò mìíràn yóò fi dé. Ẹja kékeré kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń pè ní tinéni, tí wọ́n ń fún òróró lára rẹ̀, tí ó jẹ́ pé òṣùpá ni ó ń fi ka ọjọ́ ìrìn rẹ̀ lọ sókè odò.

Òǹkàwé yóò ti rí ohun tí èyí mú lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fi ọgbà sé ẹnu iṣàn kan ní ọjọ́ tí ẹja ń padà bọ̀ lè kó ìkórè ọdún kan láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí àwọn tí ń bẹ nísàlẹ̀ odò má sì rí nǹkan kan. Ẹni tí ó bá wọ kòtò omi kí omi tó fà tó, yóò kàn da ẹja rú ni, ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó wọn. Ẹni tí ó bá sì dúró pẹ́ jù, òkú ẹja ni yóò bá nínú ẹrẹ̀. Àlàfo tí ó wà láàárín ìyájú àti ìpẹ́jù yìí kò fẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, tí àwọn yòókù sì gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kí á tẹ̀ lé, òun ni olórí àwọn apẹja.

Àwọn Bozo ni a gbà pé wọ́n ti pẹ́ jù lórí omi náà. Ìtàn ìdásílẹ̀ ìlú Djenné kò lè pé láìdárúkọ ọmọbìnrin Bozo kan, Tapama, tí wọ́n ní a mọ mọ́ inú ògiri láàyè kí ìlú lè dúró. Ibojì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi han àlejò. Ẹni tí ìtàn ẹnu kò bá tó fún, kí ó wo ilẹ̀ tí Susan àti Roderick McIntosh bẹ̀rẹ̀ sí wú ní ọdún 1977 ní Djenné-Djeno, ìlú àtijọ́ tí kò jìnnà sí Djenné ti ìsinsìnyí. Ènìyàn ti ń gbé ibẹ̀ láti nǹkan bí 250 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, egungun ẹja sì wà nínú ohun tí àwọn ará ìgbà náà jẹ kù.

Ní èdè Bambara, ji ni omi, tigi sì ni olúwa nǹkan. Nítorí náà jitigi ni olómi. Jituu ni àwọn Bozo ń pè é. Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé má ṣe fi ojú onílé wo olómi yìí. Kò lè ta omi. Kò sì lè lé ọmọ ìlú rẹ̀ kúrò lójú odò. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dé etí omi náà, tí wọ́n bá àwọn ẹ̀mí inú rẹ̀ mulẹ̀. Òun ni ó sì gbọdọ̀ máa fi ẹbọ tún ìmulẹ̀ náà ṣe lọ́dọọdún. Títí di ìgbà tí ó bá rúbọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti àwọ̀n bọ inú kòtò tí a ti fi èèwọ̀ dé. Òun ni ó ń sọ ọjọ́ tí a ó ṣí omi, òun ni ó ń sọ iṣàn tí a lè sé àti èyí tí a kò lè sé, òun ni ó sì ń parí ìjà bí àwọn ọlọ́kọ̀ méjì bá fi ìgèrè wọn lé ara wọn.

Àlejò tí ó bá fẹ́ pẹja níbẹ̀ yóò gba àṣẹ, yóò sì san ohun tí àwa ìbá pè ní ìṣákọ́lẹ̀ bí ó bá jẹ́ lórí oko. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ìdá kan nínú mẹ́ta ẹja tí ó bá pa ni. Èyí kì í ṣe iṣu méjì àti àgbọ̀n ọtí tí a fi ń rántí onílẹ̀, ẹrù ni. Àwọn tí ń kọ̀wé lóde òní nípa ọgbọ́n àwọn baba ńlá wa a máa fẹ́ fo ibi yìí kọjá, bí ẹni pé inú ìfẹ́ nìkan ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ètò tí ó dá lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ dé máa ń le mọ́ ẹni tí ó kẹ́yìn dé.

Bí a bá fẹ́ mọ bí ìṣíwọlé omi ti rí, ìlú San kò tíì fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù keje tí a ń fi òṣùpá kà, àwọn ará ìlú náà a máa pẹja nínú adágún Sanké ní ìrántí ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìlú dó. A ó kọ́kọ́ fi àkùkọ àti ewúrẹ́ bọ àwọn ẹ̀mí omi. Lẹ́yìn náà ni tọmọdé tàgbà yóò wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n ojú ńlá àti àwọ̀n ojú wẹ́wẹ́, fún wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ijó àwọn abọ́jú ni a sì fi ń kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ní ọdún 2009, àjọ UNESCO kọ ọdún yìí mọ́ ìwé àwọn àṣà tí ó ń fẹ́ ìdáàbòbò kíákíá, nítorí pé òjò kò tó bí ti àtijọ́ mọ́, ìlú sì ń fẹ̀ bọ̀ wá bá adágún náà. Kí a kíyè sí i pé àwọ̀n ojú wẹ́wẹ́, tí ìjọba púpọ̀ ń fi òfin dè, kò jẹ́ èèwọ̀ ní ọjọ́ náà. Ọjọ́ ni èèwọ̀ wà lára rẹ̀, kì í ṣe àwọ̀n.

Ó tún ku ohun kan nípa ilẹ̀ náà tí ẹni tí ó ti ilẹ̀ igbó wá kì í tètè gbà. Ilẹ̀ kan náà ni apẹja ń tu ọkọ̀ lé lórí nígbà tí omi kún, tí àgbẹ̀ ń kórè ìrẹsì lórí rẹ̀ bí omi ti ń fà, tí Fúlàní sì ń da màlúù lọ sórí rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti jẹ koríko tí omi fi sílẹ̀. Bí a bá bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé ti ta ni, olúkúlùkù yóò ní tòun ni, kò sì sí òpùrọ́ nínú wọn.

Nígbà tí ìjọba Bambara ti Ségou gbilẹ̀ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ó mú èsì tirẹ̀ wá: ọba ni ó ni omi. Ó ń fẹ́ àwọn tí yóò máa fi ọkọ̀ kó ọmọ ogun àti ẹrù rẹ̀ sọdá, àwọn Somono ni ó sì fi ṣe é. Somono kì í ṣe ẹ̀yà láti ìpìlẹ̀. Iṣẹ́ ni ó dà wọ́n pọ̀, Bambara ni wọ́n sì ń sọ. Ìjọba a máa fi ẹrú tí ogun bá kó kún iye wọn. Ní oṣù Keje ọdún 1796 tí Mungo Park dé etí odò ní Ségou, ó rí bí èrò ti ń rọ́ wọ ọkọ̀ wọn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó tí ọba ń rí lórí ìsọdá náà kò kéré. Bí agbára ọba ti ń tẹ̀ síwájú ni àwọn Somono ń gba ojú odò ńlá, tí àwọn Bozo sì di iṣàn kéékèèké àti kòtò omi mú. Ẹni tí ó bá ń pe ètò omi Macina ní ohun tí kò yí padà láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kí ó rántí àwọn Somono.

Ní ọdún 1818, Sékou Amadou ṣẹ́gun ní Noukouma, ó sì dá ìjọba Mùsùlùmí sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí Dina, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Hamdallahi. Ọ̀rọ̀ koríko ni Dina tọ́jú jù, nítorí pé darandaran ni àwọn tí ó gbé e ró. Ó pín ilẹ̀ koríko sí àgbègbè tí a ń pè ní leydi, ó mọ ọ̀nà tí màlúù yóò gbà, ó sì fi ìdí àwọn jowro múlẹ̀ tí yóò máa bójú tó o. Àwọn apẹja ń sin ìjọba náà pẹ̀lú ọkọ̀ wọn. A retí pé kí wọ́n di Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìṣíwọlé omi kò kúrò lọ́wọ́ olómi. Ìwé tí ó sọ ìtàn ìjọba yìí jù lọ jáde ní ọdún 1955. Amadou Hampâté Bâ àti Jacques Daget ni wọ́n kọ ọ́. Onímọ̀ nípa ẹja ni Daget yìí, òun kan náà ni ó kọ̀wé lórí tinéni àti àwọn ìbátan rẹ̀ ní ọdún 1952. Inú mi a máa dùn nígbà gbogbo tí mo bá rántí pé ẹni tí ó wá ka egungun ẹja ni ó di òpìtàn. Ní ọdún 1862, Al-Hajj Umar, tí ó ti gba Ségou ní ọdún tí ó ṣáájú, wọ Hamdallahi, Dina sì parí. Ìjọba tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ kò ráyè fún omi, nítorí ogun.

Àwọn Faransé gba Ségou ní ọdún 1890, wọ́n sì gba Djenné ní ọdún 1893. Òfin tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1904 sọ pé ilẹ̀ tí ó ṣófo tí kò ní olúwa jẹ́ ti ìjọba, odò ńlá sì ti wọ ohun ìní ìjọba pẹ̀lú. Lójú wọn, ilẹ̀ tí omi bò fún oṣù mẹ́rin, tí kò sí ilé lórí rẹ̀, òfìfo ni. Síbẹ̀ ohun tí ó wà lórí ìwé yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lójú odò. Ọ̀gá àgbègbè kò mọ ọjọ́ tí ẹja yóò padà. Bí ìjà bá sì ṣẹ̀ nídìí ọgbà, olómi náà ni yóò ránṣẹ́ pè. Ohun tí ó kan omi gan-an ni ìsédò tí wọ́n kọ́ sí Markala láàárín ọdún 1934 sí 1947 láti bu omi fún oko ìrẹsì àti òwú. Iṣẹ́ àfipáṣe ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, kí òfin tó fagi lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1946.

Málì gba òmìnira ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1960, ìjọba Modibo Keïta sì kéde ètò àjùmọ̀ní. Kò ṣòro láti lóye ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọba náà rí: àgbàlagbà kan tí ó jókòó sí etí omi, tí ó ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta làálàá ọmọ ènìyàn nítorí ẹbọ tí baba ńlá rẹ̀ rú. Wọ́n ní irẹ́jẹ ni, kí ó dópin. Omi di ti orílẹ̀-èdè; ẹni tí ó bá ra ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ igbó àti omi lè pẹja níbi tí ó bá wù ú. Èmi kò ní bú wọn. Ẹni tí ó bá mọ bí ìṣákọ́lẹ̀ ti ń wọni lọ́rùn kò lè bú wọn.

Ṣùgbọ́n àkókò náà gan-an ni náílọ́ọ̀nù dé. Àwọ̀n òwú máa ń jẹrà, ìdílé apẹja ni ó ń hun ún, ó sì ní ibi tí ó lè gùn dé. Àwọ̀n náílọ́ọ̀nù kì í tètè jẹrà, ó fúyẹ́, owó sì ni a fi ń rà á. Ọjà ẹja gbígbẹ àti ẹja yíyan Mopti ń lọ dé Ivory Coast àti Gánà. Oníṣòwò tí ó ní owó lè ra àwọ̀n tí ó gùn ju ti gbogbo ìletò lọ, kí ó sì gba alágbàṣe láti fà á. Ìwé àṣẹ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Bozo tí ó ní ìgèrè márùn-ún. Ìwé náà kò sọ ọjọ́. Ó sọ ọdún. Bẹ́ẹ̀ ni omi tí ó di ti gbogbo ènìyàn ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí àwọ̀n rẹ̀ gùn jù. Ní ọdún 1968, ọdún kan náà tí àwọn ológun gba ìjọba Keïta, Garrett Hardin ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé kékeré rẹ̀ jáde, tí ó ní ohun àjùmọ̀ní kì í pẹ́ bàjẹ́. Ó ṣeni láàánú pé Hardin kò bèèrè bóyá ohun tí òun ń pè ní àjùmọ̀ní ní ẹni tí ń ṣọ́ ọ kí ó tó bàjẹ́. Elinor Ostrom ni ó bèèrè ìyẹn, tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2009.

Ọ̀dá dé ní ọdún 1972 àti 1973, ó tún dé ní ọdún 1983 àti 1984. Ní àárín méjèèjì ni wọ́n sé odò Sankarani ní Sélingué, tí iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí ti ibẹ̀ wá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ìjọba ti dá Opération Pêche sílẹ̀ ní Mopti ní ọdún 1972 láti mú kí ẹja pọ̀ lọ́jà. Ọdún tí kò yẹ ni wọ́n yàn. Àkúnya kéré, ẹja kéré, àwọn apẹja sì ń pọ̀ sí i, nítorí pé àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ gbẹ náà ń ra àwọ̀n. Àwọn mìíràn nínú àwọn Bozo kó ìdílé wọn, obìnrin tí ń yan ẹja àti ọmọ tí ń gbọ́n omi inú ọkọ̀, wọ́n lọ sí adágún Sélingué. Àwọn mìíràn lọ títí dé Ivory Coast. Ní adágún Ayamé ní ilẹ̀ náà, ní ọdún 1998, àwọn onílẹ̀ lé wọn lọ. Àwọn ọmọ olómi ni wọ́n di àlejò lórí omi ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn tí ìjọba Moussa Traoré ṣubú ní ọdún 1991, òfin ẹja pípa tuntun jáde ní ọdún 1995. Ó gbà pé kí àwọn apẹja ní ìgbìmọ̀, kí wọ́n sì bá ìjọba ìbílẹ̀ ṣe àdéhùn lórí bí a ó ti máa pẹja ládùúgbò wọn. A kò dá olómi padà sípò rẹ̀ lórúkọ, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìletò, òun tàbí ọmọ rẹ̀ ni ó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà. Àdéhùn tí ó bá dá lórí ọjọ́ ìṣíwọlé kòtò omi kì í ṣòro fún wọn láti fọwọ́ sí. Èyí tí ó bá dá lórí ẹni tí yóò gba owó ni ìjà ń tìdí rẹ̀ jáde.

Láti ọdún 2012 ni ogun ti wọ Málì, láti nǹkan bí ọdún 2015 sì ni àwọn ajagun ẹ̀sìn tí ń fi Macina jẹ́ orúkọ ti ń pàṣẹ ní apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ àkúnya náà, tí òṣìṣẹ́ ìjọba kò sì lè dé ibẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi wá ojú rere àwọn darandaran ni pé wọ́n dín owó tí jowro ń gbà lórí koríko kù. Owó náà ni wọ́n fọwọ́ kàn. Ọjọ́ tí màlúù yóò sọdá, àti agbo tí yóò kọ́kọ́ wọlé, wọn kò lè fi í sílẹ̀ láìní ẹni tí ń sọ ọ́.